Àlàfo Kan Nínú Agbo

Ọdún tí ogun lé Ìbíwùmí kúrò nílé ìwé dókítà ní Yukiréènì,
báàgì kan ló gbé wọ Ògbómọ̀ṣọ́,
báàgì kan, àti ẹ̀wù funfun
tí wọ́n fi òwú pupa ṣe ọnà sí lọ́rùn.
Kò bá wa sọ̀rọ̀ ogun.
Mo ní kó jẹun, ó jẹun.
Mo ní kó sùn, ó ń wo àjà.

Ó di ọdún kejì, kajú pọ́n lóko wa lọ́nà Ìkòyí.
À ń ṣà á, ẹ̀yìn ń ro wá,
omi rẹ̀ ta sí wa láṣọ, àbàwọ́n tí ọṣẹ ò mọ̀.
Àfi bí ọmọ mi ṣe gbé agbọ̀n sílẹ̀:
"Ẹ jẹ́ ká di èjìká ara wa mú."

Kolomíkà ni wọ́n ń pè é.
Lábúlé Solomíya ọ̀rẹ́ rẹ̀, lórí òkè tó tutù,
ìgbéyàwó kan kì í parí láì jó o.
Wọ́n á pa agbo rogodo,
ẹni tó lọ́rọ̀ níkùn á fi orin ìlà méjì tú u síta:
ọkọ ahun, ìyá ọkọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó,
ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wojú tí kò lè yanu.
Ohun tí a gbọ́ nínú agbo, a kì í gbé e relé.
Opó ńkọ́? Wọ́n á fà á wọlé.
Àlejò ńkọ́?
"Bí wọ́n ṣe fa èmi náà nìyẹn, Bàbá,
èmi dúdú kan ṣoṣo láàárín yìnyín."

A tò. Àṣàbí àti Moróunfólú,
tí wọn ò kíra láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ kànga,
bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.
Ta ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀? N ò ní í sọ.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ fò, ẹ yí!
Orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Eruku pupa sọ lálá.
Moróunfólú bá gbé tirẹ̀ kalẹ̀:
"Kànga ò gbẹ, okùn ò já,
korobá mi ló rìnrìn àjò, ilé Àṣàbí ló sùn sí!"
Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí kajú.

Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ.
Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ nà sí afẹ́fẹ́,
kò di èjìká ẹnikẹ́ni mú;
àlàfo náà tó ẹnì kan.
Mo sún mọ́ ọn kí n dí i.
Ó ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀.
Solomíya ò tíì gbé fóònù láti Sátidé."