Apẹ̀rẹ̀ Tí Kò Nídìí

Aago méjì òru ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀,
torí ọ̀sán àwọn ará ibẹ̀ ni òru tiwa.
Mo kúkú ti jí. Obì kì í bó ara rẹ̀.
Nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, ní Ṣàgámù,
èmi àti Rábì jókòó ti òkìtì gbànja,
fóònù Kọ́lápọ̀ ọmọ-ọmọ mi fẹ̀yìn ti agolo mílíìkì,
àwọn ọmọ wa obìnrin wọ aṣọ àwọ̀ ewé,
wọn ò ju èèrà lọ nínú dígí.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ òfin eré wọn.
Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń dì obì sínú apẹ̀rẹ̀.
Mo mọ èyí tó máa já kí wọ́n tó gbé e rárá.
Tiwọn yìí ni kò nídìí:
o jù ú síbẹ̀, ó jábọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.
Mo ní, irú òwò wo lèyí?
Ohun tó jò dànù ni wọ́n ń pè lérè!

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a nà wọ́n.
Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó di ṣùkú,
dúró sẹ́yìn ìlà, ó fojú wọn ọ̀nà,
ó sọ ọ́.
Rábì fò sókè, obì dà sílẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì la fi ṣa á títí wọ́n fi pe ìrun àsùbá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́.
Wọ́n kó obìnrin gìrìwò bí òpó iná wá bá wa.
Mo da fóònù bolẹ̀,
mo bó igba obì láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iná lọ, bátìrì náà sì kú,
ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, pọ́ìntì kan ni wọ́n fi lé wa.
Màláàmù Sálísù tó ń dúró de ẹrù Kánò
ṣí ilẹ̀kùn tírélà rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì,
ó so fóònù mọ́ ọkọ̀.
Àwa mẹ́fà fún ara wa síwájú ibẹ̀,
alábàárù méjì rọ̀ mọ́ fèrèsé.
Nígbà tí fèrè ìparí dún, a ti borí,
Sálísù sì tẹ họ́ọ̀nù bí ẹni ń lé màlúù lójú títì.
Ìyá Odùnúgà yọjú, ó gbé wa ṣépè,
ó fẹ́ padékùn dé, ó tún ṣí i:
"Mélòó sí mélòó?"

Ẹ̀kẹrin ló gbé wa sọ̀ kalẹ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta.
Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló mú un lọ́wọ́.
Bọ́ọ̀lù yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì,
ó ro ó wò,
ó bọ́ síta.
Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi aṣọ bojú.
Rábì ń sunkún. Kọ́lápọ̀ ní, "Màmá, eré lásán ni."

Eré lásán.
Ní mọ́dàn sùkúù wa ní Makún, èmi náà jù ú rí.
A lọ Ìjẹ̀bú-Òde nínú lọ́rì pákó,
mo wọ yẹ̀rì tí wọ́n ya lára aṣọ fèrèsé,
fèrè ti wà lẹ́nu tíṣà kí n tó sọ ọ́.
Ó wọlé. Kò kan etí irin rárá.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi gbọ́
pé wọ́n rí orúnkún ọmọ òun lójú ọjà.
Ọjọ́ Ajé, mo ti wà nídìí obì.

Mi ò sọ fún Kọ́lápọ̀.
Ewé gbọ̀dọ̀gì ń dúró, Sálísù ń wo aago.
Mo mú ọ̀kan tí kòkòrò ti jẹ,
apẹ̀rẹ̀ ìdàtì wà lẹ́yìn mi, nítòsí ilẹ̀kùn.
Mo na ọwọ́ sókè, mo tẹ ọrùn ọwọ́ díẹ̀,
mo sọ ọ́ kọjá orí.

Rábì la ẹnu sílẹ̀.
Mi ò wẹ̀yìn.