Agbọ̀n Ajádìí

Bọ̀dá Ṣówándé,
ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wọ nọ́ńbà mẹ́rìnlá,
wọ́n ní ẹ̀ ń lọ sí Kàdúná.
Bàbá Rìsíkà tó ń rán bàtà lẹ́nu géètì ló sọ fún mi.
Ó fi ìṣó sẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó:
"Wọ́n ti fi bọ̀dá yín ṣe pààrọ̀ o,
ọkùnrin méjì àti bọ́ọ̀sì àlòkù kan."

Mo lọ wo bọ́ọ̀sì náà.
Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta.
Táyà ẹ̀yìn kan pá bí orí ọ̀gá ilé-ìwé wa.
Mo ta á nípàá.
Bọ́ọ̀sì yìí kò lè fò.
Kò lè dúró lófuurufú
kí gbogbo Yába gbàgbé láti mí.

Ẹ̀yin lẹ so àwọ̀n mọ́ etí agbọ̀n
nígbà tí alága ní kò sówó,
àwọ̀n ẹja tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn Ègùn ní Mákòkó.
Oṣù méjì gbáko ló fi ń rùn.
Bọ́ọ̀lù tó bá wọlé,
òórùn ọ̀sà ló máa ń bá a jáde.

Mo mọ bí ẹ ṣe ń ṣe kí ẹ tó ju ti fáòlù:
ẹ máa lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ẹ máa fọwọ́ kan etí òsì
bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bá wí,
lẹ́yìn náà, ó di òkè.
Bí kò bá wọlé,
ẹ máa wo ọwọ́ yín bí ẹni ń wo ọmọ tó purọ́.

Mo fi pólíṣì bàtà kọ mẹ́rìnlá
sẹ́yìn síńgílẹ́ẹ̀tì Kọ́láwọlé, ẹ̀gbọ́n mi.
Ó nà mí. Kò dùn mí.
Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́,
mẹ́rin ṣàn lọ, ọ̀kan ló kù.

Bí òjò bá dá, èmi àti Ìdíàtù
la máa ń fi àkísà fa omi lórí kọnkéré
kí ẹ má baà yọ̀ ṣubú.
Lọ́jọ́ kan ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ìbírónkẹ́, o ṣeun o."
Ìbíyẹmí ni mí.
Mo jẹ́ ẹ.
Ìbírónkẹ́ ni mo jẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá mi àgbà wá láti Ẹ̀pẹ́,
ó dúró létí wáyà, ó ní:
"Irú agbọ̀n wo lẹ gbé kọ́ sókè yìí?
Ta ní ń kó ọjà sínú agbọ̀n ajádìí?"
A fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wá.

Mo ti to ohun tí mo fẹ́ sọ:
kí ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ onírun nítorí ọyẹ́;
kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà mìíràn;
pé Ìbíyẹmí ni.
Ẹ jáde lọ́jọ́ Àìkú, báàgì dúdú léjìká,
ẹ ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan.
Ó kàn mí. Ọ̀fun mi gbẹ.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, táyà ẹ̀yìn ti pá o."
Ẹ rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń sọ kò yé yín.
Ẹ wọ mọ́tò, ó di gbére.

Àwọn méjì náà ti dé.
Ọ̀kan ń wọ mẹ́rìnlá. Ọlọ́wọ́ òsì ni.
Kì í fọwọ́ kan etí kankan.
Ó ju àkọ́kọ́, ó wọlé,
Ìdíàtù pariwo, èmi náà la ẹnu,
ìdajì ló jáde.

Màmá àgbà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ohun tí a bá jù sínú agbọ̀n yìí,
ẹlòmíràn ló ń gbé e nílẹ̀.

Òjò rọ̀ lánàá.
Mo mú àkísà, mo fa omi náà
dé abẹ́ àwọ̀n yín.