Epo Ọnàfọwọ́kàn

Kí a tó gbọ́ ìró àjẹ̀ rẹ̀ la ti ń gbóòórùn rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló ń gbé e ṣíwájú láti Ìwòpin,
ọmọdé Ìtọ́-Alákàn a sì sáré dé èbúté,
igo lọ́wọ́, okùn lọ́rùn igo.

Gàrawà mẹ́jọ ló fi bẹ̀rẹ̀,
nínú ọkọ̀ tó yá lọ́wọ́ àna rẹ̀.
Òróró àgbọn là ń tàn nígbà náà,
iná tó ń kú bí ẹnìkan bá sín.
Bàbá mi ní alẹ́ tí epo òyìnbó kọ́kọ́ wọlé àwọn
lòun tó rí i pé ìyá òun ti hewú.

Ó ń wọ̀n ọ́n. Háà, ó ń wọ̀n ọ́n!
Agolo mílíìkì kan tí etí rẹ̀ ti tẹ̀.
Kò ní kún jù, kò ní dín,
ìkán tó bá ṣẹ́kù létí agolo, á fìka rọra nù ún
sínú igo ẹni tó ni ín.
Ẹni tí kò lówó, ó fà á sí ògiri abà rẹ̀,
ìlà ẹfun kan, agolo kan.

Gàrí tó bá bá a wọkọ̀ kò ṣeé mu mọ́.
Ṣínàtù ìyàwó rẹ̀ ní kódà omi òjò
ń rùn bí ọkọ òun.
Kò fẹnu kan sìgá rí.
“Epo kò mọ ẹni tó ni òun,” ó wí.

Lẹ́yìn náà ni gbéborùn dé,
òdòdó rẹ̀ dára lójú àlejò,
ó dí ọ̀sà pa bí ilẹ̀kùn.
Ọjọ́ mọ́kànlá nínú òkùnkùn.
Lóru ọjọ́ kejìlá, ìyá mi ń rọbí mi,
wọ́n gbọ́ àdá tó ń gé nǹkan lójú omi,
ṣá, ṣá, ṣá,
omi dé àyà rẹ̀, gàrawà kan ṣoṣo lórí.

Ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra ẹ́ńjìnnì,
ó ń fi diróòmù kó pẹtiróòlù fún àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀.
Ìdí gálọ́ọ̀nù tiẹ̀ nípọn.
A mọ̀. A kàn ń rà á ni.

Ní báyìí, sólà wà lórí páànù wa.
Bàbá jókòó létí èbúté, ó bi mí léèrè:
“Kí ni wọ́n fi ń wọn oòrùn?”
Mi ò rí nǹkan sọ.

Mo wọ abà náà, mo wá ìlà òru tí wọ́n bí mi.
Ó wà níbẹ̀. Kò pa á rẹ́.
Mo fa owó yọ. Ó ní kí n dá a padà sápò,
“Gbèsè tí a ti san, ta ló ń rántí rẹ̀?”
Ó sì nu agolo náà,
ó gbé e padà sábẹ́ àga.