Ẹyin Mẹ́ta

Ọ̀gbẹ́ni Awótúndé ní kí n má wo ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan,
kí n wọlé, kí n wà á.
Mo ní ó tì o, ẹyin ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Kíréètì ogún la dì sẹ́yìn ọkọ̀ kékeré náà
ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nílé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó.
Ẹgbẹ̀ta ẹyin, kò sí ẹyọ kan tó sán.

Iwájú rẹ̀ bí jíìpù àwọn ọmọ ilé báńkì,
ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí àtẹ,
ṣùgbọ́n ó kúrú: àkàbà tí mo fi ń tún òrùlé ilé adìyẹ ṣe
na ẹsẹ̀ síta bí ọmọ tí ibùsùn kò gbà mọ́.
Múdáṣírù mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó wo abẹ́ rẹ̀,
ó ní, "Bàbá Tíṣà, kò ní ṣáásì o.
Ọkọ̀ ìjókòó ni wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n pè é ní akẹ́rù.
Àdán ni. Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ."
Mo ní, "Àdán ń jẹun yó, Múdá. Dìde, ká lọ."

Ọ̀nà Gbọ̀ngán dán. Ọ̀nà tó dán kì í sọ òótọ́.
Mo yà á sí ẹ̀yìn Ọlá-Ìyá,
níbi tí kòtò ti ń bí kòtò,
tí omi òjò àná jókòó bí onílé.
Táyà wọlẹ̀, ó yọ.
Mo fetí sẹ́yìn. Nǹkan kan dún kẹ́.
"Ọ̀kan nìyẹn," ni mo wí.
Awótúndé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti di bẹ́líìtì mọ́ra.

Píkọ́ọ̀pù mi àtijọ́, èyí tí mo tà fún oníṣu Ìlobùú,
kì í sá fún ẹrù. Tọ́ọ̀nù kan kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.
Àmọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo,
ńṣe ló ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ewúrẹ́ tó já okùn,
kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í ka kíréètì kan sí àdánù.
Ìgbà mélòó ni mo sì ń kó tọ́ọ̀nù kan?
Ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí àbúrò mi ń kọ́lé.
Ojoojúmọ́ ni mo ń kó ẹyin.
Ọjọ́ Àìkú, Mọ́rẹ́nikẹ́ àti ìyá rẹ̀.

Ní Ìgbọ̀nà a ra oúnjẹ adìyẹ, àpò mẹ́wàá.
Ìdí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ tó tún un rò.
Nígbà tó ń gun Òkè-Fíà, ó mí kanlẹ̀,
ẹ́ńjìnnì ń ráhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi ní ìṣirò.
Ó gùn ún ṣá.
Múdá ń kùn lẹ́yìn mi:
"Ta ni yóò tú gíá yìí ní Òṣogbo tó bá dákẹ́?"
Awótúndé kò fèsì.
Ó ń tọ́ka sí rédíò.

A yà ní Alékúwodò, a gbé ìyá ìyàwó mi,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí orúnkún ń bá jà.
Tẹ́lẹ̀, àpótí la fi ń gùn ún,
pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò tó ń tì í láti ẹ̀yìn.
Lónìí ó kàn yí ìdí padà, ó jókòó.
Ó wo iwájú, ó wo òkè, ó ní,
"Ta ló kú tí ẹ fi dákẹ́? Ẹ wà á."

Nílé, mo ka ẹyin lójú gbogbo wọn.
Mẹ́ta ló fọ́. Ẹ̀kẹta, Awótúndé ló fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a
níbi tó ti ń ràn wá lọ́wọ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé adìyẹ:
epo, lítà mẹ́fà. Àkàbà, kò gbà á.
Gíá, ẹ̀rù ń bà mí.
Mo dá iye tí mo lè san, ó kéré sí tirẹ̀, nítorí gíá.
Ó ní òun máa lọ rò ó.
Múdá ń nuwọ́, kò wò mí lójú.
Ìyá ṣì wà níwájú ọkọ̀,
ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.