Ọjọ́ Mẹ́ta Ló Kù

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀,
nínú àpótí kékeré kan ní igun ojú rẹ̀.
Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìdánwò tán: kí n sanwó,
tàbí kí n máa bá àmì wọn yí,
àmì tó dábùú gbogbo fídíò mi
bí igi tó wó dí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá náírà.
Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá ni mo ní.
Mo fi ẹnu kà á, mo fi ìka kà á,
ọ̀kẹ́ kan náà ló ń ṣẹ́kù,
owó ilé sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kò ní kan ìlẹ̀kùn.

Olúmọrótì ẹ̀gbọ́n mi pè láti Àbújá:
"Dúró. Tó bá di ìparí oṣù kọkànlá
wọ́n á gé owó rẹ̀ sí méjì."
Oṣù kẹjọ la wà.
Tí dọ́là bá tún gòkè kó tó dìgbà náà ńkọ́,
tí ààbọ̀ ìgbà yẹn wá ju odidi tòní lọ?
Ó ní, "Ìwọ àti ìṣirò," káàdì rẹ̀ sì tán.

Jẹ́miríyè tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi
ní òun ní ti jíjí, ẹgbẹ̀rún méjì péré.
Mo ti lo ti jíjí rí.
Ó gbé ìsìnkú wákàtí mẹ́fà mì, kò tilẹ̀ gùnfẹ̀.
Títí dòní, tí mo bá máa gba Ìyàmoyè kọjá,
alẹ́ ni mo máa ń gbà á.

Mo bi bàbá mi níbi tó ti ń wa iṣu tuntun.
Kò dá mi lóhùn nípa kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bù ló sọ.
Ọdún kan, ó ní òun á dúró kí owó ẹ̀bù wálẹ̀;
ẹ̀bù di ọ̀wọ́n gógó,
ebè tó ti kọ sílẹ̀ di ibi tí ewúrẹ́ ń gùn ṣeré.
Lọ́dún kejì, ó sáré rà. Ohun tó rà ló jẹrà,
abà ń rùn títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
"Èwo ni kí n wá ṣe, Bàbá?"
Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára iṣu kan:
"Gbé èyí fún ìyá rẹ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé fídíò ìfẹ̀yìntì Tíṣà Ọbásàjù lọ,
ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní ìṣirò
nínú Kàbbà yìí, tó kọ́ èmi náà.
Ìyàwó rẹ̀ wọ awò ojú, ó sún mọ́ ọn:
"Ọ̀kún o, ọmọ mi.
Kí ni wọ́n kọ sí iwájú orí ọkọ mi?"

Ó wà níbẹ̀, láti etí dé etí.
Mo ní, "Orúkọ àwọn tó ni irinṣẹ́ ni, Mà."
"Àwọn náà wá síbi ìfẹ̀yìntì ni?"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, kò bínú.
Ó ka owó mi lẹ́ẹ̀mejì, ó nà án sí mi.
Ó pé. Kò yọ kọ́bọ̀.
Pípé tó pé yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Òru ni báyìí. Wọ́n ti múná lọ,
bátìrì ku díẹ̀, ìkùukùu ti bo òkè,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Mo ti tẹ nọ́ńbà káàdì mi tán.
Ó ń yí. Ó ṣì ń yí.
Iṣu ìyá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàná.
Mo dìde, mo wá ọ̀bẹ.