Ìwọ̀n Ìhà

Maëlys, rọra gbé wọn kalẹ̀.
Mo mọ méjèèjì. Èmi ni mo ń rọ afẹ́fẹ́ sí wọn
fún bàbá rẹ láràárọ̀ Sátidé,
nígbà tí ìkùukùu ṣì sùn lé odò Célé lórí
tí ajá ìyá Vayssié kò tíì jí gbó mọ́ ẹnikẹ́ni.
Ọkùnrin gíga: àtẹ́rígbà mi yìí ló kọ́ ọ ní ìtẹríba.
Lítà méjìlá-méjìlá, irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́,
láti abíyá títí dé orí itan,
wọ́n lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó pa apá dé.

Ìwọ ńkọ́? Na apá.
Wo ìdí sílíńdà, ó ti kọjá ìbàdí, ó ń wá orúnkún lọ.
Lánàá mo dúró lórí àpáta, mo ń wò ọ́ nínú ìsun:
orí lókè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀,
bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀,
tí bàtà ẹja rẹ ń ro ẹrẹ̀ bí ẹni ro oko
títí omi tó mọ́ gaara fi di wàrà.
Nínú ihò, ẹni tó rú omi
ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lórí,
ó sì ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.
Má fajú ro. Mi ò pè ọ́ ní kúkúrú.

O ní àwọn tó kọ́ ọ ní Mẹ́síkò, alumíníọ̀mù ni wọ́n ń lò.
Bẹ́ẹ̀ ni. Omi tiwọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ wọn fẹ́lẹ́.
Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dín sí ìdajì,
ìdí rẹ̀ á gbéra sókè bí ìrù ewúrẹ́.
Tiwa tutù wọ egungun. Aṣọ rẹ nípọn, ó fẹ́ léfòó,
o ní láti so òjé mọ́ra.
Jẹ́ kí irin bá ọ ṣe iṣẹ́ òjé.
Àmọ́ kó má pọ̀jù:
ọjọ́ tí àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ bá ya,
ṣé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì á lè gbé ọ gòkè?
Bi irin ní ìyẹn ná, kí o tó bi mí ní iye owó rẹ̀.

Ó dákẹ́. Ó ní, “Ṣùgbọ́n òun ló ni wọ́n.”

Mo fi ìka kan èkíní: ó dún, ó ń dún lọ,
a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó ń dún.
Èkejì: kò. Bí igi tó ti jẹrà.
Mo tú ẹnu rẹ̀, mo tan iná wọ inú rẹ̀.
Ìpẹtà pupa, ó ti gun ògiri dé èjìká.
Wọ́n ní ọmọdé kì í ní àkísà bí àgbà;
èyí jogún ti àgbà lódindi.

Ẹ̀bi mi ni, mo wí. Ọdún tí àsẹ́ ẹ̀rọ mi gbó,
tí mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la,
ọ̀rinrin ni mo ń tà fún un, mo sì ń gba owó afẹ́fẹ́.
Kì í ṣe omi ló pa á. Orí ibùsùn ni, ní Cahors,
sílíńdà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀,
ọwọ́ ẹlòmíràn ló kún un.
Síbẹ̀.

Maëlys ki ìka bọ ẹnu irin náà, ó gbóòórùn rẹ̀.
Kò dá mi lóhùn.
Ó mú lítà mẹ́wàá méjì, kúkúrú, ọ̀dà wọn ti ń bó,
ó sanwó láì ná ọjà.
Lẹ́yìn náà ó gbé ti bàbá rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, sórí àga ẹ̀yìn,
ó fi bẹ́líìtì dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
èyí tó ń dún àti èyí tí kò dún mọ́.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo pààrọ̀ àsẹ́ ẹ̀rọ.
Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.