Òní Jẹ́ Ọjọ́ Kelòó?

Yìnyín ti dí ọ̀nà láti àná,
ẹsẹ̀ ni Ketino fi gun òkè Svaneti wọ abúlé,
àpò irinṣẹ́ lẹ́yìn,
fíláàṣì so mọ́ ọrùn bíi kọ́kọ́rọ́ ilé.
Ilé gogoro olókùúta dúró káàkiri,
wọ́n ń wo òkè láìṣẹ́jú,
nítorí yìnyín ibẹ̀ a máa ya wálẹ̀ lóru,
kì í kan ilẹ̀kùn.

Sáfà náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná Makvala,
lórí àpótí wàràkàṣì.
Òun ló ń ròyìn gíga yìnyín fún àwọn ará ìsàlẹ̀
kí wọ́n mọ ìgbà tí wọn yóò ti títì pa.
Ọjọ́ mẹ́fà rèé tó ti yadi.

Ketino tẹ bọ́tìnnì. Fáànù súfèé, ó dákẹ́.
Ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó fa ọ̀pá ìrántí yọ, ó fi ìrésà nu eyín wúrà rẹ̀,
ó tì í wọlé títí ó fi dún kẹ́ẹ́.
Ìmọ́lẹ̀ dé.
Ọ̀nà ṣì jìn.

Díìsìkì àtijọ́ ti jẹrà, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀,
Línọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù sílẹ̀ ní yàrá tuntun,
ó dé ìdajì, ó kọsẹ̀:
Ìwé ẹ̀rí yìí kò tíì tó àkókò.
Ó tún un ṣe.
Kò tíì tó àkókò.

Ó fura sí wáyà, ó pààrọ̀ wáyà.
Ó fura sí káàdì ìsokọ́ra,
ó na fóònù síta lójú fèrèsé,
ó ń tọrọ díráífà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.
Ó fura sí ara rẹ̀.
Mo mọ ìfura yẹn, èmi tí mò ń sọ ọ́:
aago méjì òru, ìka tutù,
o ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ léèrè
bóyá o tilẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí rí.

Makvala gbé búrẹ́dì wọlé. "Ṣé ó ti kú ni?"
"Kò kú, Màmá. Ó ní ìwé tí mo fún òun,
ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kò tíì dé láyé."
Ìyá rẹ́rìn-ín.
"Bẹ́ẹ̀ ni Murzakan, àbúrò mi, ṣe nígbẹ̀yìn.
Orúkọ ìyá wa ló ń pè mí,
ó ń bèèrè màlúù tí a ti tà, bóyá ó ti bí.
A kì í bá a jiyàn.
A kàn ń bi í pé: òní jẹ́ ọjọ́ kelòó?"

Ọwọ́ Ketino dúró.
Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó bi ẹ̀rọ.
Ẹ̀rọ fèsì láìtijú:
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní,
ẹgbàá ọdún ó lé mọ́kànlá.

Bátírì pẹlẹbẹ bí ẹyọ owó, lórí pátákó ìyá,
ló ti kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.
Gbogbo ọgbọ́n ń bẹ nínú ẹ̀rọ, àfi òní.
Kò sí irú rẹ̀ nínú àpò. Ọ̀nà dí.
Makvala gbé òṣùwọ̀n wàràkàṣì rẹ̀,
ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi ọ̀bẹ tú ikùn rẹ̀:
"Ṣé èyí ni?"
Òun gan-an ni.

Ketino ti kọ ọjọ́ tòótọ́ tán, ó kù kó tẹ̀ ẹ́,
nígbà tí ìyá gbé ọwọ́ sókè.
"Ọdún yẹn, Murzakan ṣì wà.
Òun ló ń fi ọ̀pá wọn yìnyín láràárọ̀.
Jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, kí n bu tíì."

Wọ́n mu tíì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ẹ̀rọ ń kùn nínú ọdún rẹ̀.
Ife gbẹ. Ìyá mi orí.
Ketino tẹ̀ ẹ́,
ìwé ẹ̀rí sì tó àkókò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Makvala mú ọ̀pá jáde,
ó ké láti òde: mítà kan, ìka mẹ́rin.
Ketino kọ ọ́ sínú sáfà,
ó wá kọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀:
bátírì méjì. Ọ̀kan fún òṣùwọ̀n.